Ilé ìsùn fún àsìkò ọyẹ́: bí a ṣe ń ṣe é ní Sábẹ

Tí ẹ bá jí ní agogo márùn-ún ìdájí nínú oṣù kìíní, tí ẹ rìn láti ìdíkọ̀ lójú títì Parakou lọ sí ọjà, ẹ ó rí àwọn tí ń sùn síta. Ọkùnrin kan ká jọ sínú àpò lábẹ́ àtẹ. Ọmọ mọ́tò tí ọkọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ìjẹta fẹ̀yìn ti táyà. Arúgbó kan wà níbẹ̀ tí àwọn ará ilé rẹ̀ sọ pé àjẹ́ ni, tí wọ́n sì lé e jáde. Oòrùn ọ̀sán Sábẹ, ìlú wa ní ilẹ̀ Benin, máa ń mú gan-an lásìkò yẹn, débi pé ẹni tó bá gba ọjà kọjá ní agogo méjì ọ̀sán kò ní gbà pé òtútù ń pa ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń wá, eruku Bodélé ní ilẹ̀ Chad sì wà lára ohun tó ń gbé bọ̀. Ojú ọ̀run kì í ní ìkùukùu tí yóò bo ilẹ̀ lóru, nítorí náà ooru tí ilẹ̀ fà látàárọ̀ á ti tán kí àkùkọ tó kọ.

Èmi àti àwọn kan ní àdúgbò wa ti ń ṣí yàrá kan fún wọn fún ọdún mẹ́ta báyìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá títí dé ìparí oṣù kejì. Ohun tí ojú wa rí ni mo kọ síbí, pẹ̀lú ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì kọ́ wa. Ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ètè bá bẹ̀rẹ̀ sí í là kí ẹ tó dìde. Oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò ṣì kù díẹ̀, ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.

1. Kí ẹ tó wá ilé, ẹ wá olùṣọ́

Ibí ni gbogbo rẹ̀ wà. Lọ́dún àkọ́kọ́, a gba yàrá, a ra ẹní, a tọrọ kúbùsù, inú wa sì dùn. A ò ronú kan ẹni tí yóò bá wọn sùn níbẹ̀. A rò pé tí a bá ti ṣílẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ní òru kẹta, ọmọ mọ́tò méjì jà nítorí ibi tí wọ́n máa sùn sí, ẹnì kan mú sódábì, ọtí líle, wọlé, kí ilẹ̀ sì tó mọ́, kúbùsù márùn-ún ti pòórá. Àwọn arúgbó padà sí ọjà lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní òtútù wà lọ́jà lóòótọ́, àmọ́ àwọn mọ ẹni tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn níbẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì la fi ti ilẹ̀kùn pa kí a tó tún bẹ̀rẹ̀.

Olùṣọ́ méjì ni kó wà lóru kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Bí ọ̀kan bá ń sùn, kí èkejì wà lójúfò, kí wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn ní agogo kan òru. Ẹ ṣírò ó: òru 7 lọ́sẹ̀, olùṣọ́ 2 lóru, ó di ààyè 14. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá gba òru kan péré, èèyàn 14 lẹ ń wá. Àwa máa ń kọ orúkọ èèyàn 16 sílẹ̀, torí ìsìnkú àti ibà kì í jẹ́ kí iye pé.

Ibo lẹ ti máa rí wọn? Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ lọ sí mọ́ṣáláṣí, ẹ bá àwọn ọdẹ sọ̀rọ̀, torí àwọn ọdẹ mọ òru. Àwọn tó dára jù nínú tiwa ni obìnrin tí ń ta ògì. Agogo mẹ́rin ìdájí ni wọ́n máa ń jí tẹ́lẹ̀, wọ́n sì mọ gbogbo èèyàn ọjà lórúkọ.

Bí olùṣọ́ kò bá pé, ẹ má ṣílé. Ẹ pín kúbùsù àti páálí fún wọn níbi tí wọ́n wà, kí ẹ sì múra sílẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti gbọ́, àmọ́ ẹni tí ẹ gbà wọlé tí wọ́n sì jà lólè níbẹ̀ kò ní tẹ̀ lé yín mọ́, bí òtútù tilẹ̀ ń pa á.

2. Ẹ lọ kí wọn níbi tí wọ́n ń sùn

Ẹ lọ ní òru mẹ́ta, èèyàn méjì péré, ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ àti ní agogo mẹ́rin ìdájí. Ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnikẹ́ni lójú. Ẹ má ya fọ́tò. Ẹ kí wọn bí ẹ ṣe ń kí àgbà ilé yín, ẹ kúnlẹ̀ fún ẹni tó yẹ kí ẹ kúnlẹ̀ fún, kí ẹ béèrè orúkọ. Ẹ kọ iye wọn sínú ìwé kékeré: ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó, ta ló ń wúkọ́, ta ni kò lè rìn dáadáa. Iye yìí ni yóò sọ bí yàrá yín ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó.

Ẹ ó gbọ́ ohun tí ẹ kò retí. Ìyá kan wà tí ń sùn lẹ́yìn ìsọ̀ aláṣọ. Ó di gbogbo ohun tó ní sínú ìró kan, ó fi okùn so ìdì náà mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, kó lè jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ jí i yóò fa òun alára jí. Òru mẹ́rin la fi bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa lọ, kò gbà. Ní òru karùn-ún, aláàkàrà kan nínú wa jókòó tì í lórí ilẹ̀, ó sì bi í pé: “Ìyá, kí ló ń bà yín lẹ́rù?” Ìyá wo ìdì náà, ó ní: “Ọmọ mi, ẹ ti wá ibi tí mo máa sùn. Ibo lẹrù mi máa sùn?”

Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó ti ronú kàn án. A lọ bá káfíńtà, ó kan àpótí pẹlẹbẹ mọ́ ara ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹrù. Ìyá dé lálẹ́ ọjọ́ kejì tí àpótí ti parí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà kó tó tú okùn yẹn kúrò lẹ́sẹ̀.

3. Ìyọ̀ǹda

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ olórí àdúgbò, kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ olórí arrondissement, lẹ́yìn náà méríì àti kọmisáríà. Lẹ́tà kan náà ní èdè Faransé, ojú ìwé kan péré: ibi tí yàrá wà, iye èèyàn, ọjọ́ tí ẹ ó ṣí i àti ọjọ́ tí ẹ ó tì í, orúkọ àwọn olùṣọ́. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́. Ẹ dé GUPS pẹ̀lú, ọ́fíìsì ìjọba tó ń ran aláìní lọ́wọ́, tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní CPS, torí ẹ ó nílò wọn gan-an tí ọ̀rọ̀ ọmọdé tàbí ti ẹni tí kò ní ìwé bá dìde. Kí ẹni tó ni ilé náà buwọ́ lùwé pé títí di ìparí oṣù kejì ni ẹ ó máa lò ó.

4. Yàrá

Òṣùwọ̀n tí àwọn àjọ olùrànlọ́wọ́ àgbáyé ń lò, tí wọ́n ń pè ní Sphere, sọ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán mítà 3.5 níbùú lóròó. Yàrá tó gùn ní mítà 9, tó fẹ̀ ní mítà 7, jẹ́ 63. Èèyàn 18 ló gbà. Ẹ jẹ́ kí ó dúró sí 18. Bí ẹni kọkàndínlógún bá dé, ẹ fún un ní kúbùsù àti ògì, kí ẹ wá ìdílé kan tí yóò gbà á sùn mọ́jú. Ẹ má ká wọn mọ́ra. Inú èrò tó há mọ́ra ni àìsàn ti ń ràn.

Yàrá ìkàwé kò dára, torí àwọn ọmọ máa ń dé láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ ó sì máa lé àgbàlagbà jáde nígbà tí òtútù mú jù. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ìsọ̀ ńlá tó ti ṣófo, tàbí iyàrá inú agbo ilé tí kò sẹ́ni tó ń gbé e ló dáa. Bí ó bá jẹ́ àká ni wọ́n fún yín, ẹ béèrè dáadáa ohun tí wọ́n ti kó síbẹ̀ rí. Àwa ń gbin òwú lágbègbè yìí. Ilé tí oògùn apakòkòrò òwú ti wọ̀ rí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn níbẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpò tí oògùn ti wọ̀ rí: kò gbọdọ̀ di ibùsùn.

Páànù máa ń tutù kíákíá lóru. Ẹ ta ẹní tàbí aṣọ àtijọ́ sábẹ́ rẹ̀ bí àjà, ẹ ó rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lóru ọjọ́ náà gan-an. Ẹ dí ihò tó wà nísàlẹ̀ ògiri, kí ẹ sì fi fèrèsé méjì tó dojú kọra sílẹ̀ lókè, kí èémí lè jáde. Kí obìnrin ní iyàrá tiwọn, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé tì láti inú. Ṣáláńgá kan fún èèyàn 20, kí iná wà lójú ọ̀nà rẹ̀, torí arúgbó tó bá ń bẹ̀rù òkùnkùn kò ní mu omi lálẹ́, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ti ń gbẹ omi ara rẹ̀ tán.

5. Ibùsùn

Gbogbo èèyàn ló ń rántí kúbùsù. Ohun tó wà lábẹ́ ènìyàn ló ṣe pàtàkì jù, torí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ń fa ooru kúrò lára ẹni ní gbogbo òru. Ohun tí àwa ń ṣe rèé: páálí ìpele mẹ́ta sílẹ̀, kí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra má ṣe bára mu, lẹ́yìn náà, àpò àgbàdo tí a kó èèpo àgbàdo gbígbẹ sí nínú, kó nípọn tó àtẹ́lẹwọ́, lẹ́yìn náà, ẹní. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bí ọwọ́ yín bá ṣì mọ̀ pé ilẹ̀ tutù, ẹ fi páálí kan kún un. Fún arúgbó tí kò lè dìde láti ilẹ̀, ẹ wá pákó tàbí àkéte.

Kúbùsù méjì tín-ínrín dára ju ọ̀kan tó nípọn lọ, torí afẹ́fẹ́ tó wà láàárín wọn ni ń pa ooru mọ́. Kí wọ́n wọ fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ sùn. Kí aṣọ tí wọ́n wọ̀ sùn gbẹ. Aṣọ tí òógùn ọ̀sán ti rin yóò mú òtútù dé, ẹ fún wọn ní èyí tí wọ́n á pààrọ̀. Ẹ gbé ìgò òrí kékeré sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹni tó bá ń wọlé máa fi ra ẹsẹ̀ àti ètè. Gìgísẹ̀ tó ti là tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbẹ̀ ń ro ènìyàn débi pé kò ní sùn, owó òrí kò sì tó nǹkan ní Sábẹ, níbi tí igi ẹmi pọ̀ sí.

6. Èédú kò gbọ́dọ̀ wọlé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Bí òtútù bá mú gan-an, ẹnì kan yóò sọ pé kí a gbé ààrò èédú sáàárín yàrá, kí a sì pa fèrèsé dé. Èédú tó ti pọ́n, tí kò yọ èéfín kankan mọ́, ṣì ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní monoxyde de carbone. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Orí á máa fọ́ ẹni, oorun á gbé e, kò sì ní jí. Gbogbo yàrá lè bá a lọ lóru kan ṣoṣo. Ìta, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ni kí ẹ ti dáná, kí wọ́n yá a kí wọ́n tó wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ ooru nínú ibùsùn, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò tó le, ẹ dé e dáadáa, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ gbé e sí ẹsẹ̀ arúgbó.

Kò sí àbẹ́là nínú yàrá, kò sí sìgá. Tọ́ọ̀ṣì oòrùn ni kí ẹ lò. Ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo nǹkan, páálí àti èèpo àgbàdo tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ yóò jó kí ẹ tó pariwo. Kí ilẹ̀kùn máa ṣí síta. Kí garawa omi méjì àti yanrìn wà lẹ́nu ọ̀nà, kí gbogbo olùṣọ́ sì mọ nọ́ńbà àwọn panápaná: 118.

7. Bí alẹ́ kan ṣe ń lọ

Ẹ ṣí i ní agogo méje. Kí ẹni tí ń gbà wọ́n jẹ́ ẹni tó mọ orúkọ wọn. Omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà, ògì gbígbóná pẹ̀lú àkàrà, tàbí ọkà àti ọbẹ̀. Ikùn tó ṣófo kò lè mú ara gbóná. Agogo mẹ́wàá ni kí ilẹ̀kùn tì, àmọ́ kí olùṣọ́ máa ṣí i fún ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀ lóru.

Òfin kò gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ: kò sí ìjà, kò sí iná, kò sí ọtí nínú yàrá. Ẹni tó ti mutí wá ńkọ́? Ẹ gbà á wọlé, kí ìgò rẹ̀ dúró síta. Àwọn kan ń rò pé sódábì ń lé òtútù. Irọ́ ni. Ó ń ṣí òpójẹ̀ lábẹ́ awọ, ara á dà bí ẹni pé ó gbóná, nígbà tí ooru inú ń jáde lọ. Ẹni tó mutí sùn síta ni ọyẹ́ máa ń kọ́kọ́ pa. Nítorí náà, òun ni ẹ kò gbọdọ̀ lé.

Olùṣọ́ á máa yí ká ní wákàtí kọ̀ọ̀kan láti agogo méjì òru, kó máa wo bí wọ́n ṣe ń mí. Ẹni tó ń gbọ̀n, ara rẹ̀ ṣì ń jà. Ẹni tó ti ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀, tó wá dákẹ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, tí ikùn rẹ̀ tutù lábẹ́ aṣọ, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, ẹ fi kúbùsù wé e torí-tọrùn, ẹ fún un ní omi dídùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ó bá lè gbé e mì, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má fi agbára fọwọ́ ra á lẹ́sẹ̀ tàbí lápá.

8. Àìsàn tó ń bá ọyẹ́ rìn

Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mú un lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ ní Benin, àmọ́ oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń lò ó, nítorí náà ẹnì kan nínú yín ni kó gbà pé òun á máa rán an létí. Ibà pẹ̀lú orí fífọ́ àti ọrùn tó le gan-an tí kò ṣeé tẹ̀, ọsibítù ni lóru ọjọ́ náà, torí àìsàn yìrùnyìrùn ń jà ní àríwá wa lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ tó ti ibẹ̀ bọ̀ sì ń dúró ní ìdíkọ̀ wa lójoojúmọ́.

Eku náà wà níbẹ̀. Ní 2016, ibà Lassa jà ní Tchaourou, lójú ọ̀nà Parakou. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń gbé e. Oúnjẹ tó bá kù kò gbọdọ̀ sùn nínú yàrá láìní ìdérí, ẹ sì máa pààrọ̀ èèpo àgbàdo inú àpò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí eku má fi ibẹ̀ ṣe ilé.

9. Ọmọdé, àti ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń dàrú

Ọmọdé tó dá wá kò gbọdọ̀ sùn láàárín àwọn àgbà. Òfin ọmọdé ilẹ̀ Benin ti 2015 dá ààbò bò ó, ọwọ́ GUPS àti ọlọ́pàá ló sì yẹ kó dé. Kí obìnrin olùṣọ́ mú un sùn lọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní òru yẹn, kí ẹ sì pè wọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó sá kúrò nílé ọ̀gá ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ má dá a padà síbẹ̀ fúnra yín.

Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń dàrú, ẹ má dè é. Mo ti rí èèyàn tí ẹ̀wọ̀n ti jẹ wọ ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú mi kò lè gbàgbé rẹ̀. Grégoire Ahongbonon, ọmọ Benin tó ti ṣe iṣẹ́ títún táyà ṣe rí ní Côte d’Ivoire, ló dá ẹgbẹ́ Saint-Camille sílẹ̀ láti tú irú wọn sílẹ̀ kí wọ́n sì gba ìwòsàn. Ẹgbẹ́ náà ní ibùdó ní Bohicon àti ní Avrankou lẹ́bàá Porto-Novo. Ẹ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sọ̀rọ̀ nípa bí ẹ ṣe lè mú un débẹ̀. Títí dìgbà náà, ẹ jẹ́ kó sùn nítòsí ẹnu ọ̀nà, níbi tí yóò ti rí ìta, torí èyí tó pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ kí àyè há mọ́ wọn.

10. Nígbà tí oṣù kejì bá ń parí

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó tì í ni kí ẹ ti máa bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé níbo ló kù. Ẹni tí kò ní ìwé, ẹ bá a lọ sí ANIP, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìwé ìdánimọ̀, kò sí ohun tó lè gbà lọ́wọ́ ìjọba láìsí ìwé. Ọmọ mọ́tò, owó ọkọ̀ ni ó ń wá jù. Ìyá tí wọ́n pè ní àjẹ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ le: ẹ jẹ́ kí àgbà méjì tí ìdílé rẹ̀ bọ̀wọ̀ fún lọ bá wọn jókòó, kí wọ́n lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nígbà mìíràn, ọmọ ẹ̀gbọ́n kan nílùú mìíràn ló máa gbà á. Bí kò bá sẹ́nì kankan, ẹ wá iyàrá kan fún un nínú àdúgbò yín, kí ẹni mẹ́rin máa dá owó rẹ̀ lóṣooṣù.

Lẹ́yìn náà, ẹ fọ gbogbo kúbùsù, ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì, ẹ yí i padà lọ́sàn-án. Ẹ sun èèpo àgbàdo àti páálí. Ẹ kó kúbùsù sínú dúrọ́ọ̀mù tí eku kò lè jẹ, tí kò sì ti gba oògùn òwú rí. Kí ẹ tó dé e, ẹ pe gbogbo àwọn olùṣọ́ jọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan bóyá yóò tún ṣe é ní oṣù kejìlá, ẹ kọ orúkọ àwọn tó bá dáhùn sórí pépà kan, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí dúrọ́ọ̀mù náà.